Síkúrù Kẹfà

Ohun tí Tíṣà kọ́kọ́ rí lára ọmọbìnrin náà ni àárín orí rẹ̀, níbi tí ó ti la irun sí méjì, ó gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó dorí kodò sórí tábìlì ìjẹun, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ Sátidé gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tàn sórí wáyà kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó wà lẹ́nu ẹ̀mú kékeré tó dì mú. Tíṣà la ẹnu láti kí i.

"Ẹ má mí," ọmọbìnrin náà wí. Kò gbé orí sókè.

Tíṣà ò mí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti gìtá tó gbé kọ́ èjìká, ó ń wo bó ṣe gbé ẹnu wáyà náà lé etí irin wínníwínní kan, tó fi irin gbígbóná kàn án, tí òjé yọ́ bo wáyà mọ́lẹ̀ tó sì ń dán. Àyà ti ń dun Tíṣà kó tó rántí pé òun ò tíì mí láti ìgbà yẹn.

"Ẹ lè mí báyìí," ọmọbìnrin náà ní, ó gbójú sókè. "Ẹ káàárọ̀. Ẹ má bínú. Tí atẹ́gùn bá gbé wáyà yẹn lọ, mo lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wá a."

"Mi ò bínú," Tíṣà dáhùn. "Ẹ tún lè ní kí n má mí."

Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, òun náà sì mọ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Olójé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí òjé tó ń yọ́ lójoojúmọ́ láti fi lẹ wáyà. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí tábìlì yẹn, nínú ilé bàbá rẹ̀, ló ti ń ṣí inú gìtá oníná, tó ń tú wáyà àtijọ́ dànù, tó ń fi tuntun sí i, tó sì ń tún súwíìṣì rẹ̀ tò títí gìtá yóò fi ní ohùn tí ẹni tó ṣe é ò fún un. Wọ́n ti gbà nínú ilé náà pé orí itan ni èèyàn ń gbé àwo lé tó bá fẹ́ jẹun.

Bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, lórí àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe riwáyà ọkọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ wáyà. Ní báyìí ojú àti etí ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹnu sì wà níbẹ̀ dáadáa.

"Kí ló ṣe é?" Bàbá bi Tíṣà, ó ń tọ́ka sí gìtá.

Tíṣà kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́: òun ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìṣirò, òun sì ń ta gìtá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti gìtá. Ó ń kùn bí oyin tó wà nínú ìgò. Yàtọ̀ síyẹn, píkọ́ọ̀pù méjì ló ní, ìyẹn àwọn mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wé wáyà mọ́, tí wọ́n wà lábẹ́ okùn gìtá tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí okùn ń sọ. Súwíìṣì rẹ̀ kì í jẹ́ kí méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì a dákẹ́.

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀," Olójé ní.

"Tí kò bá ní ni yín lára."

"Kò ní ni mí lára. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa wò."

Olójé da gìtá náà dojú bolẹ̀, ó tú síkúrù mẹ́fà tó di ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin yìí kì í gbàgbé ibi tó fi nǹkan sí. Síkúrù yòówù tó bá tú, á dì í sínú bébà kékeré, á kọ orúkọ ẹni tó ni gìtá sí i, á kọ ibi tó ti tú u àti ọjọ́ tó tú u, á sì jù ú sínú agolo bisikíìtì kan. Bàbá rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eyín bá ká lẹ́nu ọmọ òun, á dì í sí bébà, á kọ ọjọ́ sí i.

Iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju ọjọ́ méjì lọ gba ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà ń wá wo ibi tó dé. Kò kúkú dé ibì kan, nítorí bó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Olójé bi í pé kí ló dé tí ìṣirò fi máa ń dẹ́rù ba ọmọ èèyàn. Tíṣà bi í pé báwo ló ṣe ń mọ èyí tó ń lọ síbí àti èyí tó ń lọ sọ́hùn-ún nínú wáyà tí gbogbo wọn jọra.

"Wọn ò jọra. Ẹ̀yin lẹ ò tíì wò wọ́n dáadáa."

"Mo ń wò dáadáa."

"Wáyà ni mo ní kẹ́ ẹ máa wò, Tíṣà."

Tíṣà yára gbé ojú padà sórí wáyà. Lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, Bàbá wú ikọ́ kan tí kò ti ọ̀fun wá.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Olójé ki wáyà sípíkà bọ gìtá, ó gbé e fún un. Tíṣà gbé súwíìṣì sókè, ohùn rọ̀. Ó gbé e sísàlẹ̀, ohùn mú. Ó wá gbé e sí àárín, níbi tí kò ti lè dúró tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀. Kíkùn ti lọ. Ohùn náà gbòòrò, ó tutù, ó kún yàrá láìpariwo. Bàbá sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀. Tíṣà ń wo Olójé, inú rẹ̀ dùn débi tó fi ń dà á láàmú.

"Síkúrù kan ló kù," Olójé ní, ó ń nu ọwọ́ láìwojú rẹ̀. "Ìdérí ẹ̀yìn yìí, mẹ́fà ló ń gbà. Márùn-ún ni mo rí, ọ̀kan ti sọnù. Ẹ padà wá ní Sátidé, màá ti bá yín wá irú rẹ̀."

Tíṣà padà wá ní Sátidé. Olójé ní òun ò tíì rí i. Ó padà wá ní Sátidé kejì, bákan náà ni. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, Tíṣà, tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, rò pé òun ti ń yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́," ó ní. "Márùn-ún yìí ti tó."

Olójé wò ó títí. "Ó ti tó náà nìyẹn," ó ní, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Kí Tíṣà tó dé ìkóríta ló ti mọ ohun tí òun fi ẹnu ara òun bà jẹ́. Kò ní ìdí kankan láti padà lọ síbẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ó ń kọ iye tí kò tọ̀nà sójú pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀rù ló ń bà á láti dúró níwájú bàbá yẹn kó sọ pé ọmọ yín ni mo wá rí. Ọgbọ́n tó wá dá, ọgbọ́n ọmọdé ni. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó tú síkúrù márùn-ún, ó mú abẹ, ó gé wáyà kan.

"Ó ti já," ó ní fún Olójé ní Sátidé.

Olójé gbé gìtá súnmọ́ ojú. Wáyà tó bá já fúnra rẹ̀ máa ń fà kó tó já, ẹnu rẹ̀ a sì rí wúruwùru. Ẹnu eléyìí gún régé. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé abẹ ló gé e. Ó yẹ kó bínú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ayọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀ kó má bàa rí ojú òun.

"Wáyà máa ń já," ó ní. Ó sì lẹ̀ ẹ́ padà.

Lọ́jọ́ yẹn ló sin Tíṣà dé ẹnu géètì, wọ́n sì dúró síbẹ̀ pẹ́ ju àkókò tí wọ́n lò nínú ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ ń rìn létí odò tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹ" di "ìwọ" láàárín wọn láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," Tíṣà ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́."

"Ọ̀nà yẹn náà dáa," Olójé dáhùn. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Olójé fi ọwọ́ bọ ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ le díẹ̀ lórí, níbi tí irin gbígbóná ti jó o láìmọye ìgbà.

"Wá bá Bàbá sọ̀rọ̀ ní Sátidé," ó ní. "Mi ò ní fẹ́ ẹni tí kò bá fẹ́."

Tíṣà gbà. Àmọ́ bó ṣe ku ọ̀la, ọkàn rẹ̀ já. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé yẹn láìsí gìtá tó bàjẹ́ lọ́wọ́. Ó tún mú abẹ.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé Olójé wà nídìí iná nígbà tó dé. Bàbá ló gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Tíṣà bá òun tú ìdérí, ó fi awò sójú, ó sì wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Olójé jáde wá, ó ń nu ọwọ́, ó sì rí bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe rí.

"Wáyà yìí ò já," Bàbá ní. "Wọ́n gé e ni."

"Èmi ni mo gé e, Bàbá," Tíṣà ní. "Èyí àti ti ìṣáájú. Mo ń wá ìdí tí màá fi máa rí ọmọ yín. Ẹ má bínú."

Bàbá ò pariwo. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó mú un dání.

"Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ni ṣọ́ọ̀bù nígbà kan," ó ní. "Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá, ọ̀rẹ́ mi á tún un ṣe, á sì gé wáyà mìíràn kù díẹ̀ kó já, kí wọ́n lè padà wá. Èmi ò mọ̀. Ọjọ́ tí àṣírí tú, kò sẹ́ni tó ya èmi sọ́tọ̀. A kógbá sílé. Mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ yìí láti kékeré: ẹni tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan tó dáa jẹ́ kó lè rí ohun tó ń fẹ́, mi ò fẹ́ rí i nílé mi. Gbé gìtá rẹ."

Tíṣà wo Olójé. Olójé mọ̀ nípa gígé àkọ́kọ́, ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Àmọ́ ìtàn ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wà létí rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́njú, ojú sì tì í níwájú bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò títí Tíṣà fi jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Olójé lẹ wáyà sódì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tú u. Bàbá rí i.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, Tíṣà tún dúró níwájú ilé. Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó sì mú àpò ọ̀rá kékeré kan dání.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Mo ti tú gbogbo wáyà inú gìtá yìí pátá, òun ló wà nínú ọ̀rá yìí. Ẹ kọ́ mi kí n tò ó padà fúnra mi. Tí mo bá mọ ohun tí ojú èèyàn ń rí kó tó lẹ ẹyọ kan, mo rò pé mi ò ní lè gé òmíràn mọ́."

Bàbá wo ọ̀rá náà, ó wo Tíṣà.

"Iwájú ilé ni wàá máa jókòó sí," ó ní nígbẹ̀yìn. "O ò ní wọlé."

Báyìí ni Tíṣà ṣe di ọmọ iṣẹ́. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, Bàbá á gbé àga rẹ̀ jáde, á fún un ní àwókù rédíò kó fi kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ Bàbá ò lè fi hàn án, ẹnu ló fi ń kọ́ ọ. "Ó tutù jù. Ó gbóná jù. Èyí ò lẹ̀, ó kàn jókòó lé e ni. Tú u." Tíṣà á tú u. Olójé á kọjá tòun ti korobá omi, á kí wọn, á wọlé. Òun àti Tíṣà ò sọ ju ìyẹn lọ. Ní Sátidé kẹrin, Tíṣà bá agolo ìpara kékeré lórí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn: "Ìka òsì. Tíṣà." Ọjọ́ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà fi pa ọwọ́ tó jóná.

Ó di Sátidé keje kí Tíṣà tó lẹ gbogbo wáyà gìtá tán. Bàbá wo gbogbo ojú òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí èyí tí yóò ní kó tú.

"Ìdérí yìí ò ní fi síkúrù márùn-ún padà lọ́dọ̀ mi," ó ní. "Dúró."

Ó wọlé lọ ṣí agolo bisikíìtì ọmọ rẹ̀ bóyá yóò rí síkúrù tó máa bá a mu. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, agolo náà sì dà sórí tábìlì. Ó ń kó àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọ̀kan mú ojú rẹ̀. Ó fi awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló pe Olójé, ó sì pe Tíṣà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"'Tíṣà. Ìdérí ẹ̀yìn. Ìkẹfà,'" Bàbá kà á sókè. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé gìtá wá ló wà lára ẹ̀. Ṣebí síkúrù yìí ti sọnù?"

Olójé dúró gbagidi. Kò sí ibi tí yóò wò tí kò ní rí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì.

"Kò sọnù, Bàbá. Mo gbé e pamọ́ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kó lè padà wá." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó tún gbé e kúrò. "Mo sì mọ̀ pé ó gé wáyà nígbà àkọ́kọ́. Mo rí i, inú mi dùn, mo sì lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní kó máa lọ, ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo dákẹ́, mo jẹ́ kó dá a rù. Kò tíì sí ọjọ́ tí mi ò rò ó."

Èjìká Bàbá ló kọ́kọ́ mì. Tíṣà rò pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀rín ni.

"Ó parọ́," Bàbá ní, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, "ó sì kọ ọjọ́ sí i." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi yẹn, lójú gbogbo èèyàn ló ti ní kì í ṣòun. Títí dòní kò tíì gbà pé òun ni. Ìyẹn ló dùn mí ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Èyí tó gé wáyà, mi ò tíì bi í tó fi jẹ́wọ́. Ìwọ náà ti wá sọ tìẹ. Tíṣà, wọlé."

Tíṣà wọlé. Wọ́n gbé gìtá sórí tábìlì, wọ́n ki wáyà sípíkà bọ̀ ọ́. Ó gbé súwíìṣì sókè, ohùn dáa. Sísàlẹ̀, ó dáa. Ó gbé e sí àárín, ohùn náà sì fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ nílé kejì. Ojú rẹ̀ fà ro.

Bàbá ti ń mi orí. "O gbé wáyà píkọ́ọ̀pù kan sódì. Bí ọ̀kan ṣe ń tì ni èkejì ń fà. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn."

"Èwo ni kí n yí padà?"

"Èyí tó bá wù ọ́. Kí ọ̀kan ṣáà ti yí."

Tíṣà mú èyí tó wà nísàlẹ̀. Wáyà rẹ̀ ni Tíṣà gé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti kúrú débi pé ìdí píkọ́ọ̀pù gan-an ni wọ́n máa ti yí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ. Ọwọ́ méjì ò lè tó o. Olójé fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó mú ẹ̀mú.

"Màá dì í mú," ó ní. "Ìwọ, lẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe jù."

"Ìwọ lo gé e."

Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Irin ti gbóná.

"Má mí," Olójé ní.

Tíṣà ò mí. Òjé yọ́, ó bo wáyà, ó ń dán.

"Má tíì mí o, kò tíì tutù." Olójé ò gbé ojú kúrò lára wáyà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n. "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, mi ò sì fẹ́ kó o ṣàlàyé kankan. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Irin gbígbóná wà lọ́wọ́ Tíṣà, wáyà sì wà lábẹ́ imú rẹ̀. Ó rọra mi orí pé òun gbà, lẹ́ẹ̀kan péré, bẹ́ẹ̀ ni omi sì ti dé ojú rẹ̀.

"Ó mi orí," Bàbá ní láti orí àga rẹ̀. "Mo rí i. Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ mí."

Nígbà tí wọ́n tún gbé súwíìṣì sí àárín, ohùn méjèèjì jáde pa pọ̀, ó kún yàrá gẹ́gẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Tíṣà ta orin kan tí kò gùn, ó tún un ta nítorí Bàbá ní kó tún un ta.

"Ní Sátidé," Bàbá ní nígbà tó parí, "àwọn òbí rẹ ni kó o mú wá. Fi gìtá sílé."

Olójé dá ìdérí padà, ó ń de síkúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mẹ́fà. Kò ju bébà síkúrù kẹfà nù. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó kọ ọjọ́ òní sábẹ́ ọjọ́ àtijọ́, ó sì dá a padà sínú agolo.